Àwọ̀n Ẹja Ekurá ní Etíkun Sydney

Láti ọdún 1937 ni Ìjọba New South Wales ní ilẹ̀ Ọsirélíà ti ń ta àwọ̀n sínú òkun, kí ẹja ekurá má baà ṣe àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́ ní ibi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ògiri ni àwọ̀n náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 150, gíga rẹ̀ mítà 6 péré. Ẹja lè gba òkè tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣe ni ó ń mú èyí tí ó bá kò ó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn alábahun òkun tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni a máa kú sínú rẹ̀.

Nítorí náà, ní ọdún 2025, ìjọba bèèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ mẹ́ta pé kí olúkúlùkù dárúkọ etíkun kan tí a óò ti dán ìyọkúrò àwọ̀n wò. Ní oṣù September, ẹja ekurá pa ọkùnrin kan nítòsí Dee Why. Ìjọba sì dá ètò náà dúró.

Ìbéèrè náà ṣòro: ẹ̀mí ènìyàn ṣe iyebíye, ṣùgbọ́n ààbò tí kò pé lè tan ni jẹ. Pẹ̀lú àwọ̀n tàbí láìsí i, kí olúwẹ̀ẹ́ má ṣe wọ omi ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì dúró níbi tí àwọn olùṣọ́ etíkun wà.