Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: "Ta Ni?" "Èmi Ni" Kò Tó



Ní ọjọ́ ìdáwó tó kọjá, ọ̀pọ̀ yín jókòó pẹ́ ní ọ́fíìsì, àwọn tó wá gba ẹ̀yáwó sì padà lọ́wọ́ òfo. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ kiri pé owó ti wọgbó. Owó kankan kò sọnù o. Ìṣirò yín pé pérépéré nínú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pa àkọsílẹ̀ mọ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà tí àwọn akọ̀wé ń lò. Ọ̀nà àtidé ibẹ̀ ló dí. Àwa ìgbìmọ̀ la jẹ̀bi, nítorí a kánjú ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà. Ẹ jẹ́ kí á jọ kọ́gbọ́n, nítorí ẹ̀yin náà ti ń ra irú rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù.

Àṣìṣe kìíní ni orúkọ. A kò sọ sáfà náà lórúkọ, a fi "localhost" tí a bá lára rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ ló ń fi orúkọ yìí pe ara rẹ̀. Bí ènìyàn bá kanlẹ̀kùn lóru, tí a ní, "Ta ni?", tó ní, "Èmi ni," ǹjẹ́ a mọ ẹni tó jẹ́? Bí kọ̀ǹpútà akọ̀wé bá wá "localhost", ara rẹ̀ ló ń rí, kì í ṣe sáfà.

A wá yí orúkọ náà sí "ajeseku", ṣùgbọ́n inú fáìlì /etc/hostname nìkan la kọ ọ́ sí, a gbàgbé /etc/hosts. Ni ẹ̀rọ bá ń ráhùn pé òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ "ajeseku", bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni! Lórí Ubuntu tí a ń lò, ibi méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, bí ìwé ọwọ́ yín àti lẹ́jà akápò ṣe gbọ́dọ̀ bára mu.

Àṣìṣe kejì ni àdírẹ́sì. Nígbà tí orúkọ ń dà wá láàmú, a fi nọ́ńbà àdírẹ́sì sáfà, 192.168.1.20, sínú kọ̀ǹpútà àwọn akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ráúta ló ń pín àdírẹ́sì náà. Iná lọ, iná dé, ó pín 192.168.1.34 fún sáfà. Àwọn akọ̀wé sì ń kan ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Ọlọ́jà tó ń pààrọ̀ ìsọ̀ lójoojúmọ́, báwo ni oníbàárà rẹ̀ yóò ṣe rí i?

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìyí:

1. Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ lé sáfà lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ lórúkọ tí ẹ̀rọ mìíràn kò jẹ́. Lẹ́tà a sí z, nọ́ńbà àti ìlà kékeré (-) nìkan ni kí ẹ lò. Kò gbọdọ̀ sí àlàfo, àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ "ajeseku" láìsí àmì.

2. Ẹ ya àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún un lórí ráúta, kí ó má bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ mìíràn.

3. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Lẹ́yìn náà, láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ tẹ "ping" àti àdírẹ́sì rẹ̀. Bí ó bá dáhùn, ẹ fi orúkọ pè é. Bí orúkọ kò bá jẹ́, ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì náà sínú fáìlì hosts ti kọ̀ǹpútà yẹn.

4. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá rìnrìn àjò ńkọ́?

A ti ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ padà lọ́wọ́ òfo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ẹ mú ìwé yín wá ní ọjọ́ ìdáwó tó ń bọ̀, ẹ̀yin la ó kọ́kọ́ dá lóhùn.