Owó Tí A Kò Mọ Ọjọ́ Tó Ń Bọ̀

Okokomaiko, Èkó.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. O ní oorun kì í kùn ọ́ mọ́ lóru, pé àyà rẹ ń já láìsí ẹni tó lé ọ, pé o ń kanra mọ́ àwọn ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan. O wá bi mí bóyá ọ̀lẹ ni ọ́. Rárá o. Ohun tó ń ṣe ọ́ ní ìdí, ìdí náà kò sì pamọ́. Pé owó kéré dùn ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n pé o kò mọ iye tí yóò wọlé lọ́la ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn ju kíkéré rẹ̀ lọ.

Wo ìṣirò tí awakọ̀ kòròpé bíi tìrẹ máa ń ṣe ní Ìyànà Ìbà kí ilẹ̀ tó mọ́. Owó ọlọ́kọ̀ ò yẹ̀, èrò ì báà pọ̀, ì báà má pọ̀. Owó epo ò yẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ń dúró dè é ní gáréèjì. Ìgbà tí gbogbo ìwọ̀nyí bá ti jáde tán ni tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU wọlé, tí ọjà Alábà ń hó yèè, ó lè gbé owó gidi délé. Lọ́jọ́ tí òjò bá fi omi dí títì Badagry, á máa wo àga òfìfo mẹ́ta nínú dígí, á máa fọkàn ka owó tó kù fún ọlọ́kọ̀, ìyẹn nìkan ni yóò sì máa kà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, tó ń gba ₦85,000 tí ìjọba Èkó fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ lọ́dún 2024, mọ ọjọ́ tí tirẹ̀ ń bọ̀. Ó lè ra ìrẹsì láwìn, kó ní òpin oṣù ni òun á san án, oníṣòwò á sì gbà fún un. Awakọ̀ lè pa jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, síbẹ̀ kó má lè dá ọjọ́ kan fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí Ààrẹ Tinubu sì kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo tí kò tó ₦200 di ₦488 nílé epo ìjọba ní Èkó kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Àwọn tí kò mọ tọ̀la tẹ́lẹ̀ kò wá mọ ti òní mọ́.

Má rò pé mo kàn ń fi ọ̀rọ̀ tù ọ́ nínú. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ kan gbé iṣẹ́ jáde lórí àwọn àgbẹ̀ ìrèké ní gúúsù Íńdíà. Àgbẹ̀ kan náà ni wọ́n dán ọpọlọ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì: kó tó kórè, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, àti lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí owó dé. Èyí tó ṣe kó tó kórè kò dára tó ti ẹ̀yìn ìkórè. Orí kan náà ni o, àfi pé ìrònú owó ti gba àyè nínú rẹ̀. Ní Odisha, ní Íńdíà yẹn náà, wọ́n ṣe èyí tó tún wọ̀ mí lọ́kàn jù. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ewé ṣe abọ́ ni wọ́n san owó fún. Iye owó náà kò yí padà, àmọ́ wọ́n tètè san lára rẹ̀ fún àwọn kan. Àwọn wọ̀nyẹn ṣe abọ́ púpọ̀ sí i, àṣìṣe wọn sì dín kù. Wọn ò fi kọ́bọ̀ kún owó wọn. Ọkàn wọn ló balẹ̀.

Wọ́n á sọ fún ọ pé àwọn baba wa ò mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀, wọn ò sì ya wèrè. Òótọ́ ni pé wọn ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní iṣu nínú àká, wọ́n ní àáró àti ọ̀wẹ̀, wọn kì í sì í san owó ilé ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àgírímẹ́ǹtì àti kọ́míṣọ́ọ̀nù lé e lórí. Owó tìrẹ ń kán wọlé bí omi òrùlé, gbèsè rẹ sì ń dé bí àgbàrá. Ẹlòmíràn á ní òde orí ni, pé ayé ló ń ṣe ọ́. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohun tó ń rìn lórí, orí tó ń gbóná àti àìsùn tí àwọn èèyàn wa ń pè ní òde orí, àwọn dókítà mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó, wọ́n sì ń rí wọn lára àwọn tí ìrònú ti wọ̀ lára. Ní ti àwọn tó ní kí o túbọ̀ tẹra mọ́ṣẹ́, bi wọ́n pé wákàtí mélòó ló kù láàárín agogo mẹ́wàá alẹ́ tí o ń wọlé àti agogo mẹ́rin òwúrọ̀ tí o ń jí.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Àjọ dára, ṣùgbọ́n àjọ tó ní kí o dá iye kan náà lójoojúmọ́ ti di ọlọ́kọ̀ kejì sí ọ lọ́rùn. Wá alájọ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó máa gbà á bó ṣe bá wá: púpọ̀ lọ́jọ́ tó ya, díẹ̀ lọ́jọ́ tí kò ya. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí o máa gba iye kan pàtó padà fún oúnjẹ ilé, kí iye náà kéré tó èyí tí ọ̀sẹ̀ burúkú pàápàá lè gbé, kí ìyàwó rẹ sì mọ̀ ọ́n. Owó ọ̀sẹ̀ rẹ nìyẹn, ìwọ lo dá a fún ara rẹ. O lè ní kí ni èèyàn máa dá nígbà tí kò sí. Ìbéèrè gidi ni. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò sí ọjọ́ kan tó ya, kì í ṣe àjọ ló kù díẹ̀ káàtó, owó ọlọ́kọ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn. Lọ bá a pé kí ó gba iye kan lára ohun tí o bá pa dípò iye tí kì í yẹ̀. Bó bá kọ̀, wá ọlọ́kọ̀ mìíràn. Má sì fọwọ́ kan owó tí wọ́n ń yáni lórí fóònù. Lọ́dún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn, nítorí bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù onígbèsè láti dójú tì í. Ìtìjú yẹn ti wó ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn ju gbèsè náà lọ.

Bí àìsùn yìí bá tún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí tí èrò ikú bá wá sí ọ lọ́kàn nígbàkígbà, má dúró ọjọ́ kan, lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá. Láti ọdún 1907 ni ilé ìwòsàn yẹn ti wà, àwọn tó ń bá ilé wọn gbé, tó ń ṣiṣẹ́ wọn, ń wọlé jáde níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń já aṣọ nìkan. Bí o bá fẹ́ kí n sìn ọ́ lọ, pè mí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Owó ọkọ̀ wa àti owó ọjọ́ náà fún ọlọ́kọ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.