Gbó, Tọ́, àti Àdéhùn Tó Tán: Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Àgbà Agbábọ́ọ̀lù Abẹ́ Àpẹ̀rẹ̀

Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, ti ní àwọn ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ náà kò tíì kárí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú eré ọ̀hún, pàápàá ní ìgbà ooru ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ inú NBA, ìyẹn ìdíje àwọn tó ń fi eré náà ṣiṣẹ́ jẹun ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, bá ń wá ẹni tí wọn yóò gbà fún sáà tuntun. Ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń dà rú lórí rẹ̀ jù ni àgbà agbábọ́ọ̀lù tó ga, tó ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu iṣẹ́, tí àdéhùn òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tán, tó sì ń retí ẹni tí yóò pè é. Ọjọ́ orí ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ipò tí àdéhùn rẹ̀ wà jẹ́ òmíràn, iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ṣì lè ṣe sì tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Òǹkọ̀wé tó bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti dá ọkùnrin náà lẹ́jọ́ kí òǹkàwé tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Orúkọ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún irú agbábọ́ọ̀lù yìí, ìyẹn big man, kò ṣe é gbé wọ inú Yorùbá ní tààrà, nítorí bí wọ́n bá pè é ní ọkùnrin ńlá tàbí èèyàn ńlá, ẹni tó lówó, tó lórúkọ, tó sì wà nípò ni etí Yorùbá yóò gbọ́, ẹni tó kúrú náà sì lè jẹ́ èèyàn ńlá. Òmìrán bá títóbi ara mu, ṣùgbọ́n inú àlọ́ ló ti wá, ìbẹ̀rù sì máa ń bá a rìn. Géńdé kò sọ nípa gíga rárá, àwọn ọdún tí agbára èèyàn pé ló ń tọ́ka sí, nítorí náà kò tọ́ kí wọ́n lò ó fún ẹni tí gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ dá lórí pé àwọn ọdún wọ̀nyí ti ń kọjá lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe sígbọnlẹ̀ dára fún àpèjúwe, torí pé ó ń yin ẹni tó ga tí ara rẹ̀ sì dúró dáadáa. Fún orúkọ iṣẹ́, èyí tó dára jù ni kí wọ́n fi ibi tí ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ pè é, kí wọ́n sọ pé agbábọ́ọ̀lù abẹ́ àpẹ̀rẹ̀ ni, nítorí abẹ́ àpẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sí òkè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 10 ló ti ń dí bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀tá, tó sì ti ń gba èyí tó bá ta padà.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá pẹ̀lú, nítorí àwọn kan ń pe bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Eré mìíràn wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sínú ilé, bíi ti àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ gbá a, òun ni orúkọ yìí sì tọ́ sí jù. Hakeem Ọlájùwọ́n, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1963, gbá eré aláfọwọ́gbá yìí kí ó tó mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ń pe eré méjèèjì ní orúkọ kan náà kò lè sọ ìtàn rẹ̀ yé ẹnikẹ́ni.

Ìṣòro tó tóbi ju èyí lọ wà nínú bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti tán. Àwọn kan ń tú free agent ti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí aṣojú òmìnira, ọ̀rọ̀ méjèèjì ló sì ṣi ọ̀nà. Aṣojú ni ẹni tó ń dúró fún ẹlòmíràn, agbábọ́ọ̀lù yìí kò sì dúró fún ẹnikẹ́ni. Òun gan-an ló ní aṣojú tó ń bá a dúnàádúrà lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́, tí a bá sì pe òun náà ní aṣojú, kò ní sí ohun tí a ó pe ẹni yẹn. Òmìnira ní tirẹ̀ ti ní ilé nínú èdè iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá: ọmọ-iṣẹ́ tó parí ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, tí wọ́n gbàdúrà fún, tó sì fẹ́ lọ dá dúró, ni wọ́n ń sọ pé ó gba òmìnira. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń gbé wá sí ọkàn, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí a sọ ọ́ gbọọrọ pé agbábọ́ọ̀lù tí kò sí lábẹ́ àdéhùn ni, tàbí agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ ti tán. Gígùn rẹ̀ kò ní kí ó má ṣe kedere, kíkedere ni a sì ń wá.

Láti inú èyí ni àṣìlò ọ̀rọ̀-ìṣe rà ti ń wá. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹgbẹ́ máa ń san owó fún ẹgbẹ́ mìíràn kí wọ́n tó lè mú agbábọ́ọ̀lù kúrò níbẹ̀, nítorí náà ó bójú mu láti sọ pé wọ́n rà á. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti tán kò ní olówó tó ń tà á, ẹgbẹ́ tuntun sì ń gbà á ni, tàbí kí òun àti ẹgbẹ́ náà jọ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ọ̀rọ̀ Ọlájùwọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 fi hàn bí ìyàtọ̀ yìí ṣe wúlò tó. Houston Rockets, ẹgbẹ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ fún ní ọdún 1994 àti 1995, bá a ṣe àdéhùn tuntun, wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Toronto Raptors lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí wọ́n fún Houston ní ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àdéhùn ni, pàṣípààrọ̀ sì ni, ṣùgbọ́n kò sí rírà kankan níbẹ̀, òǹkọ̀wé tó bá sì kọ rà ti sọ àgbà náà di ọjà, ó sì ti bo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà ṣẹlẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ibi tí èdè Yorùbá ti lówó lọ́wọ́ jù lórí ọ̀ràn yìí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn òǹkọ̀wé kì í fara balẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbó ní ojú méjì: àgbàdo tó gbó ti tó jẹ, iyì ni, aṣọ tó gbó ti fẹ́ di àkísà. Nígbà tí wọ́n bá wá ń ṣàdúrà fún èèyàn, wọn kì í fi gbó nìkan sílẹ̀, wọ́n á ní kí ó gbó, kí ó sì tọ́. Tọ́ yìí ni ó wà nínú tọ́jọ́, èyí tí wọ́n ń lò fún ohun tí kì í tètè bàjẹ́. Àwọn àgbà tó so àdúrà náà pọ̀ mọ̀ dájú pé ẹnì kan lè gbó kí ó má tọ́, wọn kò sì fẹ́ kí ìkan yẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ bá ń gbé àgbà yẹ̀ wò, ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè gan-an nìyẹn, nítorí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti wà nínú ìwé, gbígbó rẹ̀ kò sì fara sin. Ohun tí wọn kò tíì mọ̀ ni bóyá orúnkún, ẹ̀yìn àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tọ́ dé òpin sáà.

Robert Parish, tí òun náà jẹ́ agbábọ́ọ̀lù abẹ́ àpẹ̀rẹ̀, gbó, ó sì tọ́. Ẹni ọdún 43 ni nígbà tí Chicago Bulls gbà á ní ọdún 1996, ó bá wọn gba ife-ẹ̀yẹ ọdún 1997, eré 1,611 ni ó sì ti gbá nínú NBA nígbà tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọlájùwọ́n ní Toronto kò rí bẹ́ẹ̀. Ní sáà 1993 sí 1994, àmì ayò tó ń jẹ nínú eré kọ̀ọ̀kan jẹ́ 27.3, ṣùgbọ́n ní sáà 2001 sí 2002, nígbà tó pé ẹni ọdún 39, eré 61 péré ló gbá, àmì ayò rẹ̀ sì wálẹ̀ sí 7.1, kí ọgbẹ́ ẹ̀yìn tó mú un fi eré sílẹ̀. Òye rẹ̀ kò dín kù, ọgbọ́n ẹsẹ̀ tó fi di olókìkí ṣì wà lórí rẹ̀, ara ni kò tọ́. Ẹni tó bá kọ nípa sáà yẹn pé Ọlájùwọ́n ti gbó, tó sì dákẹ́ síbẹ̀, ṣe àìdáa sí ọ̀kan lára àwọn tó mọ eré náà jù lọ láyé, nítorí ìlàjì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Òwe kan wà tó sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ó bá àgbà agbábọ́ọ̀lù mu ju bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ, nítorí ó mú gbígbó aṣọ, tí a kà sí àbùkù, ó sọ ọ́ di ọrọ̀. Àmọ́ ìrírí ni òwe náà ń yìn, kò ṣèlérí pé ara yóò gba iṣẹ́, nítorí náà kò yẹ kí ó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé kí ẹgbẹ́ kan gba ẹnì kan.

Nínú àwọn orúkọ ìyìn, àgbà ọ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fọ́n ká jù. Ọ̀jẹ̀ ni àwọn tó wà nínú iṣẹ́ egúngún tí wọ́n sì mọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni orúkọ náà tọ́ sí, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀. Fún ẹni tó kàn ti pẹ́, kí wọ́n sọ pé ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ògbólógbòó náà ní gbó nínú, àwọn kan sì ń lò ó láti fi yin èèyàn, ṣùgbọ́n ó ti bá olè àti ọ̀daràn rìn pẹ́ nínú ìwé ìròyìn débi pé etí kì í tètè gbọ́ ìyìn nínú rẹ̀ mọ́. Àlòkù kò bójú mu fún èèyàn rárá. Tòkunbọ̀ ló ta kókó jù, nítorí nínú ọjà, ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní òkè òkun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú orúkọ, ìdùnnú ni ó jẹ́. Giannis Antetokounmpo, agbábọ́ọ̀lù ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ń jẹ́ Adétòkunbọ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gíríìsì, tó ń fi lẹ́tà méjì kọ ìró d àti ìró b, ló sọ orúkọ náà di bó ṣe wà nínú ìwé rẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú Antetokounmpo nígbà kan rí ni Brook Lopez, ẹni tí ìtàn rẹ̀ gbé ìbéèrè dìde nípa ọ̀rọ̀ abẹ́ àpẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú sáà mẹ́jọ tó kọ́kọ́ gbá, bọ́ọ̀lù 3 péré ló jù wọlé láti ẹ̀yìn ìlà ìta, èyí tó ń fún èèyàn ní àmì ayò mẹ́ta. Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ tán ní ọdún 2018, Milwaukee Bucks gbà á fún ọdún kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.4 dọ́là, bẹ́ẹ̀ owó tó gbà ní sáà tó ṣáájú lé ní mílíọ̀nù 22 dọ́là. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó ju 187 wọlé láti ìta, ẹgbẹ́ náà jáwé olúborí nígbà 60, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ ní ọdún 2021. Síbẹ̀ agbábọ́ọ̀lù abẹ́ àpẹ̀rẹ̀ ṣì ni orúkọ tó tọ́ sí i, nítorí bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, abẹ́ àpẹ̀rẹ̀ ló ń sá padà sí, ibẹ̀ ló sì ti ń dí tiwọn.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wò lára irú àwọn bẹ́ẹ̀ ju gíga lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ kejì yóò mú kí ẹnì kan dábùú ọ̀nà fún ẹni tó ń ṣọ́ elére kékeré, elére kékeré yóò já sí gbangba pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, àgbà tó yẹ kó wà lábẹ́ àpẹ̀rẹ̀ ni yóò sì di dandan fún láti jáde lọ pàdé rẹ̀. Bí ó bá ti pẹ́ kó tó dé ibẹ̀, Yorùbá kì í sọ pé ó ti pàdánù ìṣísẹ̀ kan, bí àwọn atúmọ̀ ṣe ń kọ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń sọ. Bákan náà, Yorùbá kì í sọ nípa ẹni tí agbára ṣì kù nínú rẹ̀ pé nǹkan ṣì wà nínú táǹkì rẹ̀, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ọ́, eegun rẹ̀ ṣì le ni wọ́n ń sọ. Dwight Howard, tí iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn mú kó gbá eré 9 péré ní sáà 2018 sí 2019, gba àdéhùn tí owó rẹ̀ kò dájú lọ́wọ́ Los Angeles Lakers ní ọdún 2019, ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ náà lè lé e kí wọ́n má san gbogbo owó náà. Eegun rẹ̀ ṣì le: eré 69 ló gbá, ó sì bá wọn gba ife-ẹ̀yẹ ní ọdún 2020.

Owó tí irú àwọn àgbà yìí sábà máa ń gbà ni èyí tó kéré jù lọ tí òfin NBA fàyè gbà, àwọn oníròyìn kan sì ń tú u sí owó táṣẹ́rẹ́. Táṣẹ́rẹ́ ni owó tí kò tó nǹkan, tí ẹni tó gbà á ń ráhùn lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ní sáà 2023 sí 2024, owó tó kéré jù lọ fún ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá lé ní mílíọ̀nù 3 dọ́là. Bí ọdún èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni owó yìí ṣe ń ga sí i, èyí tó lè mú kí àwọn ẹgbẹ́ sá fún àgbà, kí wọ́n sì gba ọmọdé tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Nítorí ìyẹn ni òfin ṣe là á kalẹ̀ pé bí àdéhùn ọdún kan bá wà láàárín ẹgbẹ́ àti ẹni tó ti lo ọdún mẹ́ta sókè, iye tí wọ́n ń san fún ẹni tó ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ ni wọn yóò kà sí ẹgbẹ́ náà lọ́rùn, àjọ NBA yóò sì san ìyókù. Owó tó kéré jù lọ, tí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi táṣẹ́rẹ́ rọ́pò rẹ̀, jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé òté tí òfin fi lélẹ̀ ni, kì í ṣe ìdájọ́ lórí bí ọkùnrin náà ṣe mọ bọ́ọ̀lù gbá tó.