ẸNI TÓ FẸ́ RA ALÙPÙPÙ ONÍBÁTÌRÌ



Láti ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ kan, M Auto, ti bẹ̀rẹ̀ sí ta alùpùpù oníbátìrì fún àwọn zémidjan ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Spiro ni wọ́n wá ń pè é lẹ́yìn náà. Mótò yìí kì í mu epo, kì í rú èéfín. Bí iná bátìrì bá ń tán, ẹ ó gbé e lọ sí ibùdó, ẹ ó sanwó, wọn á fún yín ní èyí tó kún.

Kí ló ń mú ènìyàn rà á? Ṣé nítorí kí afẹ́fẹ́ lè mọ́ ni? Èéfín kò dára, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó ń fi mótò wá oúnjẹ ọmọ, àpò rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò.

Ẹ rántí ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, Ààrẹ Tinúbú kéde pé ìjọba Nàìjíríà kò ní san owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́. Nàìjíríà sì ni kpayo tí a ń rà nínú ìgò ti ń wá! Kíá ni owó rẹ̀ fò sókè lọ́dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, iná jó ibi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní Sèmè-Kraké. Ó pa ènìyàn tó lé ní 30.

Ẹ mú pẹ́ńsùlù. Ká ní zémidjan kan ń lo lítà 3 lójúmọ́, tí lítà kan jẹ́ 700 fàráǹkì: 3 × 700 = 2 100. Ká ní ó ń pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀mejì, ní 800 lẹ́ẹ̀kan: 2 × 800 = 1 600. Àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ lọ béèrè iye rẹ̀ gan-an. 500 ló kù sápò. Ní ọjọ́ 25, ó di 12 500.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré. Láti Savalou dé Bantè lé ní kìlómítà 50. Kpayo wà lẹ́bàá ọ̀nà, bátìrì kì í wà nínú ìgò. Ẹni tó ń kó iṣu bọ̀ láti Gouka, tí bátìrì kú mọ́ lọ́wọ́ níbi tí kò sí ibùdó, títì ni yóò máa ti mótò, tòun tiṣu.

Nínú irú ètò yìí, ilé-iṣẹ́ ló ni bátìrì, mótò nìkan ni tiyín. Bó bá jẹ́ àwìn ni ẹ fẹ́ rà, ẹ fúnra yín ka ìwé náà kí ẹ tó tẹ̀ka sí i. Ìdí tí ẹ fi ń kọ́ ìwé nìyẹn! Ẹ béèrè ẹni tí yóò tún un ṣe pẹ̀lú. Mẹkaníìkì abẹ́ igi mọ ẹ́ńjìnnì dáadáa, ó lè má mọ iná.

Ohun mìíràn tún wà: ojú. Bí ẹnìkan bá rà á ní agbolé, tó ń jèrè, àwọn mìíràn á rà á. Bí tirẹ̀ bá kú sọ́nà, gbogbo ọjà á gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú.

ÌBÉÈRÈ
Èló ni lítà epo lọ́dọ̀ yín lónìí? Níbo ni ibùdó bátìrì tó sún mọ́ yín jù wà? Ẹ fi iye tiyín ṣe ìṣirò òkè yìí, kí ẹ kọ ọ́ sínú kàyé.