Èrè Tó Wà Nínú Kíkọ́ Èdè Mìíràn

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 21:37–22:2

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kíyè sí Pọ́ọ̀lù nínú ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn èrò fẹ́ pa á, àwọn ọmọ ogun sì ti fi ẹ̀wọ̀n dè é. Ó bá olórí ogun sọ èdè Gíríìkì, ẹnu ya ọkùnrin náà, ó sì gbà á láyè láti sọ̀rọ̀. Nígbà tó wá yíjú sí èrò, tó fi èdè Hébérù bá wọn sọ̀rọ̀, gbogbo wọn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Èdè méjì, ọ̀nà méjì ló là.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìwé kíkà. Jọ́gíráfì ni mo kà, orí Adágún Chad ni mo sì kọ pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá mi lé. Nàìjíríà, Niger, Chad àti Cameroon ló jọ ni adágún náà, nítorí náà èdè Faransé ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú ìwé ìwádìí nípa rẹ̀. Ìwọ̀nba Faransé tí mo ti ń kọ́ láti ọdún kejì ló jẹ́ kí n lè kà wọ́n.

Èkejì ni iṣẹ́. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin yìí dá àjọ tó ń bójú tó adágún náà sílẹ̀ ní 1964. N'Djamena ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. ECOWAS ń lo Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí. Nírú ibi bẹ́ẹ̀, ẹni tó lè kọ lẹ́tà ní èdè méjì ló wúlò jù.

Ẹ má sọ pé ó le jù. Yorùbá ya e sọ́tọ̀ sí ẹ, ó ya o sọ́tọ̀ sí ọ. Faransé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní fáwẹ́lì àránmúpè. Ibi tó ti le fún wa ni pé "ó" tiwa kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ Faransé ló ní tirẹ̀. Ẹ kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú "le" tàbí "la" rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun ṣíṣe: ẹ ya 30 ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ ka Ìhìnrere Máàkù ní èdè náà, torí ẹ ti mọ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìdánwò DELF, láti A1 dé B2. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kì í ní ọjọ́ ìparí.

Àkókò tí a ní ní kámpọ́ọ̀sì kì í padà wá. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́ láti lò ó dáadáa.