Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ: ORÚKỌ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Bíbélì kíkà: Ẹ́sírà 8:24–34, 2 Kọ́ríńtì 8:16–21, Mátíù 6:1–4

Kókó ẹ̀kọ́: Ẹni tí ó ń tọ́jú orúkọ àwọn olùrànlọ́wọ́, ènìyàn ni ó ń tọ́jú, kì í ṣe owó nìkan.

Ẹ̀kọ́ wa ní oṣù mẹ́ta yìí dá lórí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí iṣẹ́ Olúwa rárá. Iṣẹ́ náà ni kíkọ orúkọ àwọn tí ó ń fi owó ran aláìní lọ́wọ́ sílẹ̀, àti pípa àkọsílẹ̀ náà mọ́ bí ó ti yẹ. Ní àtijọ́, inú ìwé ńlá ni a ń kọ ọ́ sí. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni, àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ a sì máa pè é ní database. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun níhìn-ín ní Òkè-Ìlá, ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àánú kan tí ó ń ran àwọn opó àti ọmọ aláìlóbìí lọ́wọ́. Ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀ ni ó mú mi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

1. ÌWÉ TÍ A FI RÁNṢẸ́ SÍ ÒKÚ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ní kí kọ̀ǹpútà kó orúkọ gbogbo àwọn tí ọrẹ wọn ti dáwọ́ dúró jáde fún wa. A tẹ ìwé sí olúkúlùkù wọn. Ìwé náà kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní a kò rí ọwọ́ wọn láti ìgbà díẹ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe gbàgbé àwọn opó. Ní ọjọ́ kẹrin, màmá kan wọlé tọ̀ mí wá, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí. Ọkọ náà sì ti kú láti oṣù mẹ́jọ.

Màmá náà kò pariwo. Ó jókòó, ó ní, “Ọmọ mi, èmi náà ti di opó tí ẹ ní kí ọkọ mi má gbàgbé.” Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ ibi tí mo lè wò. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí àkọsílẹ̀ wa láti mọ ibi tí omi ti wọ inú àgbọn.

Ohun mẹ́ta ni mo rí. Èkíní, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa ti gbọ́ ìròyìn ikú náà ní Ọjà Ọba ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin bàbá náà. Ó kẹ́dùn, ó gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ sílẹ̀. Èkejì, láti ìgbà tí ọkọ ti kú ni màmá yìí ti ń mú ₦1,000 wá fúnra rẹ̀ ní oṣooṣù. Orúkọ tí ó ń sọ fún ẹni tí ó ń kọ rìsíìtì ni “Màmá Dàpọ̀”. Ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé Màmá Dàpọ̀ ni ìyàwó ọkùnrin náà. Nítorí náà, nínú ìwé wa, ọkọ ti ṣíwọ́ ìrànlọ́wọ́, ìyàwó sì di àlejò tí a kò mọ̀. Ilé tí kò pa oṣù kan jẹ ni a kọ̀wé sí pé ó ti gbàgbé wa.

Kọ̀ǹpútà kò ṣẹ̀. Ohun tí a kọ sínú rẹ̀ ni ó kà jáde. Àwa ni a kò kọ ohun tí ó yẹ kí a kọ. Olúwa wa jókòó kọjú sí àpótí ìṣúra, ó sì rí opó tí ó sọ owó wẹ́wẹ́ méjì sínú rẹ̀ (Máàkù 12:41–44). Opó tiwa sọ tirẹ̀ sínú àpótí ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, àwa kò rí i.

2. ÌLÚ BRISTOL LẸ́Ẹ̀MEJÌ

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí kíláàsì wa ti ṣẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1742, John Wesley àti àwọn ènìyàn rẹ̀ péjọ ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti gbèrò bí wọn yóò ti san gbèsè ilé ìwàásù wọn tí à ń pè ní New Room. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Captain Foy dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀ títí gbèsè yóò fi tán. Ẹlòmíràn ní ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ tálákà, wọn kò lè rí i dá. Foy dáhùn pé kí wọ́n fún òun ní mọ́kànlá nínú àwọn tí ó tálákà jù lọ, òun yóò máa bẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, òun yóò san án fún un.

Báyìí ni wọ́n ṣe pín orúkọ sí ọ̀nà méjìlá-méjìlá. Bí àwọn aṣáájú ti ń lọ láti ilé dé ilé nítorí pẹ́nì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mọ ẹni tí àìsàn dá dúbúlẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ dàrú, àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé gbèsè di ọ̀nà ìtọ́jú ọkàn. Nígbà tí Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ti wà láàrin àwọn ènìyàn Wesley.

Ní ìlú Bristol kan náà, ní ọdún 2015, ìyá àgbàlagbà ẹni ọdún 92 kan kú, ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta òdòdó ìrántí ogun fún ìrànlọ́wọ́ àwọn ológun. Ìròyìn tàn ká pé ìwé ìtọrọ owó pọ̀ jù fún un. Àwọn ẹbí rẹ̀ sọ pé kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ àánú ni ó fa ikú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a ṣe ìwádìí, a rí i pé ẹgbẹ́ 99 ni orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, àti pé ìwé tí ń wọlé tọ̀ ọ́ tó 466 ní ọdún kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ náà ni kò gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀; ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ti rí i. Ní ọdún 2016 ni wọ́n dá àjọ tí à ń pè ní Fundraising Regulator sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin arábìnrin mi, ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Ní ọdún 1742, ẹni tí ó di orúkọ mọ́kànlá mú gbé ẹrù wọn lé èjìká ara rẹ̀. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ 99 di orúkọ ẹnìkan mú, wọ́n sì kó ẹrù lé e lórí. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni ìyàtọ̀ wọn. Ìyàtọ̀ wọn ni bóyá ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́ mọ ẹni tí ó ni orúkọ.

3. OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ FI HÀN WÁ

Ẹ́sírà kò kó fàdákà àti wúrà ilé Ọlọ́run lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìwọ̀n ọ́n. Ó wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n tún un wọ̀n nígbà tí wọ́n dé Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ ní àkókò náà gan-an. Àlùfáà ni àwọn tí ó gbé e, síbẹ̀ a wọ̀n ọ́n. Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú kò fẹ́ nìkan gbé owó àwọn Kọ́ríńtì. Ó mú àwọn mìíràn tí ìjọ fọwọ́ sí dání, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn, kí ọ̀ràn náà lè mọ́ níwájú Olúwa àti níwájú ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a ṣírò owó fún òun kò bú wa. Ó ń bá wa pa orúkọ wa mọ́ ni.

4. BÍ A ṢE LÈ ṢE É

Lẹ́yìn ọ̀ràn màmá náà, a tún iṣẹ́ wa ṣe. Ẹgbẹ́ tí ó ní ìwé ogójì ojú ewé nìkan lè ṣe nǹkan wọ̀nyí bákan náà.

(a) Ẹnìkan, nọ́ńbà kan. Ní ilẹ̀ wa, obìnrin kan ṣoṣo lè ní orúkọ márùn-ún: èyí tí a sọ ọ́, ti ìrìbọmi, ti ilé ọkọ, Ìyá Lágbájá, àti oyè tí ìjọ fi jẹ ẹ́. Ẹ fún un ní nọ́ńbà kan, kí ẹ sì kọ gbogbo orúkọ náà sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ tàbí ọmọ tí ó bá wà nínú ìwé. Ẹ má ṣe gbé nọ́ńbà ẹni tí ó ti kú fún ẹlòmíràn.

(b) Ẹ kọ ọ́ ní ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ. Ikú, ìgbéyàwó, ìṣípòpadà, nọ́ńbà fóònù tuntun. Ẹ má ṣe pa orúkọ ẹni tí ó kú rẹ́, nítorí ọrẹ rẹ̀ ṣì wà nínú ìṣírò. Ẹ sàmì sí i, kí ìwé kankan má ṣe lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀.

(d) Ìlérí yàtọ̀ sí owó. Ohun tí ènìyàn kéde ní ọjọ́ ìkórè ní àyè tirẹ̀. Ohun tí ó san ní àyè tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà rìsíìtì.

(e) Ẹ kọ ohun tí a tìtorí rẹ̀ fúnni. Owó tí a mú wá fún owó ilé-ìwé ọmọ aláìlóbìí kò gbọdọ̀ di páànù òrùlé láìbi ẹni tí ó mú un wá.

(ẹ) Kí ẹni méjì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Lóṣooṣù, kí akápò mú ìwé báǹkì àti rìsíìtì wá, kí akọ̀wé mú àkọsílẹ̀ orúkọ wá, kí àròpọ̀ méjèèjì bára mu. Owó tí ó wọ báǹkì tí a kò mọ ẹni tí ó san án, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀, kí ẹ sì wá olówó rẹ̀. Ẹ má ṣe méfò.

(f) Ẹ rántí káàdì alájọ. Bí alájọ ti ń sàmì sí ìwé tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sàmì sí káàdì oníbàárà, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè rí àṣìṣe. Lọ́dọọdún, ẹ fi àkọsílẹ̀ olúkúlùkù hàn án, kí ó wò ó bóyá ó péye.

(g) Ẹ ní ẹ̀dà kejì, kí ó sì wà ní ilé mìíràn. Iná lè jó, kọ̀ǹpútà lè bàjẹ́, fóònù akọ̀wé lè sọnù. Bí ẹni tí ó wà nípò bá parí sáà rẹ̀, kí ó fa gbogbo rẹ̀ lé ẹni tí ó kàn lọ́wọ́. Ìwé ẹgbẹ́ kì í ṣe ẹrù ẹnìkan.

(gb) Ẹ dúpẹ́ kí ẹ tó tún tọrọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

5. PÍPA ÀṢÍRÍ MỌ́

Jésù kọ́ wa pé kí ọwọ́ òsì má ṣe mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Akọ̀wé nìkan ni ó máa ń mọ ohun tí ọwọ́ méjèèjì ṣe. Ó mọ olówó tí kò mú nǹkan wá, ó sì mọ aláìní tí ó ń mú wá. Bí ó bá gbé e lọ sí ìdí ọjà tàbí yàrá ìdìrun, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́. Òfin ìjọba pàápàá ti dá sí i. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni a fọwọ́ sí òfin tí à ń pè ní Nigeria Data Protection Act. Ó béèrè pé kí a sọ fún ènìyàn ìdí tí a fi ń gba orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀, kí a má ṣe lò ó fún ohun mìíràn, kí a tún un ṣe bí ó bá ní kò péye. Ẹ̀sìn ènìyàn àti ìlera rẹ̀ wà lára ohun tí òfin náà ní kí a fi ìṣọ́ra púpọ̀ tọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ fún àwọn opó tí à ń ràn lọ́wọ́ pẹ̀lú. Kí a má ṣe fi orúkọ àti àwòrán wọn wá owó láìjẹ́ pé wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

Màmá tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bínú lọ. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó tún mú ₦1,000 wá. Kí n tó kọ rìsíìtì, ó ní kí n ka orúkọ tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà sí òun létí. Mo kà á: orúkọ rẹ̀ ní kíkún, Màmá Dàpọ̀, opó lágbájá. Ó ní, “Ó dára. Kọ ọ́ báyìí.”

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ta ni ó ń tọ́jú orúkọ nínú ẹgbẹ́ wa? Nígbà wo ni a gbàdúrà fún un kẹ́yìn?
2. Ṣé orúkọ ẹni tí ó ti kú ṣì wà nínú ìwé wa bí ẹni tí ó wà láàyè?
3. Kí ni 2 Kọ́ríńtì 8:20–21 sọ fún akápò tí kò fẹ́ kí a yẹ ìwé òun wò?
4. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa ka iye tí olúkúlùkù san sókè ní gbangba? Ẹ fi Mátíù 6:1–4 yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí ìpàdé tí ó ń bọ̀ tó dé, kí ẹni méjì jókòó ti ìwé ẹgbẹ́, kí wọ́n ka orúkọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọn kò bá mọ ojú olórúkọ, kí wọ́n wá ilé rẹ̀ lọ.

ÀDÚRÀ: Olúwa, ìwọ tí o mọ orúkọ wa kí a tó bí wa, ràn wá lọ́wọ́ kí a lè tọ́jú orúkọ ọmọnìkejì wa pẹ̀lú òtítọ́. Mójú tó àwọn tí a ti gbàgbé, kí o sì dárí jì wá. Àmín.