Ìtumọ̀ Àwọn Orúkọ Àṣìṣe Ajubọ́ọ̀lù Nínú Eré Sọ́fúbọ́ọ̀lù

Nínú sọ́fúbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Chicago ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1887, ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù ti ń wá. Yóò yí apá rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, yóò sì jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbáròkó. Àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 10 níbẹ̀ ń jù ú ní ẹsẹ̀ bàtà 35; ti ilé-ìwé girama jẹ́ 43. Agbára tí ń fa apá kúrò ní oríkèé èjìká nígbà ìjù kan ṣoṣo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo gbogbo ara ẹni tí ń jù ú. Nítorí náà, orúkọ tí atúmọ̀ èdè bá fún àṣìṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán: òun ni olùkọ́ yóò fi tọ́ èjìká ọmọ sọ́nà.

Èyí tí ó ṣòro jù ni ti ọrùn ọwọ́. Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Amẹ́ríkà ti ń kọ́ ọmọ pé kí ó ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ síwájú bí ó bá ń jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù, kí ó sì gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè. Ṣùgbọ́n fíìmù tí a mú rìn jẹ́jẹ́ fi hàn pé àwọn ọ̀gá nínú eré náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Apá wọn a máa fara kan ìgbáròkó, a sì lọ́ sínú láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ọrùn ọwọ́ kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ọmọ tí ó bá ń wá ọ̀nà àtiṣẹ́ ẹ yóò dẹ ìyípo apá rẹ̀, yóò sì máa ti bọ́ọ̀lù bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Atúmọ̀ tí ó bá kọ ‘ìṣẹ́rùn-ọwọ́’ ti fi orúkọ kọ́ni ní àṣìṣe (ẹni tí kò rí eré náà rí tilẹ̀ lè rò pé egungun ni ó dá). ‘Ìlọ́pá’ ni ó bá iṣẹ́ náà mu. ‘Ìlọ́wọ́’ kò burú, àfi pé ó sún mọ́ ‘ìlọ́wọ́sí’ jù.

‘Apá-adìẹ’, ti ìgbọ̀nwọ́ tí ó ṣí síta, rọrùn láti tú, ó sì yé ọmọdé. Ṣùgbọ́n àmì àìsàn ni, kì í ṣe àìsàn gan-an. Ẹsẹ̀ iwájú tí kò dúró gírí ni ó sábà máa ń jẹ́ kí ara dà síwájú. Ìbàdí yóò tẹ̀, ìgbáròkó yóò dí ọ̀nà, apá yóò sì gba òde kọjá. ‘Ìtẹ̀síwájú’ ìbá bá a mu, bí kò ṣe pé oríyìn ni olùgbọ́ yóò kà á sí! ‘Ìtẹ̀bàdí’ sàn jù.

Ní ti èyí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi wé ìfò kannakánná, tí òfin eré náà sì kọ̀, kannakánná kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó kúrò lórí rọ́bà, tí ó tún ilẹ̀ tẹ̀ níwájú, tí ó sì ti ara síwájú láti ibẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́: ‘àtúntẹlẹ̀’.